Alẹ́ Kan ní Kadıköy: Ẹni Tó Fọ Èdè Ìgboro Kúrò Nínú Eré

Mo ti pinnu pé n kò ní kúrò ní Istanbul, ní orílẹ̀-èdè Turkey, láìwo eré orí ìtàgé tó fi èdè ìgboro dárà, nítorí náà ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi ní Eminönü sọdá sí Kadıköy, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèré kékeré kan ti ń ṣe Keşanlı Ali Destanı, eré olórin tí Haldun Taner kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí ìtàgé ní ọdún 1964. Owó gọbọi ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní nítorí pé ìjókòó mi kọjú sí pátákó tí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ti máa hàn ni.

Pátákó yẹn gan-an ló bà mí nínú jẹ́. Nínú eré náà, Ali ti ẹ̀wọ̀n dé sí Sineklidağ, àdúgbò àwọn tálákà tó kọ́lé mọ́jú láìgba àṣẹ ìjọba. Gbogbo ará ibẹ̀ gbà pé òun ló pa Çamur İhsan, jàǹdùkú tó ń fayé ni wọ́n lára; òun kọ́ ló pa á, síbẹ̀ ìpànìyàn tí kò ṣe náà ló sọ ọ́ di akọni àti olórí wọn. Ẹnu àwọn ará àdúgbò ni adùn irú eré bẹ́ẹ̀ wà. Òṣèré á sọ̀rọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín, pátákó á wá gbé gbólóhùn kan jáde bí lẹ́tà tí akọ̀wé ìjọba kọ sí ọ̀gá rẹ̀. Jàǹdùkú àti olówó, ohùn kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn. Ìwà ìrẹ́jẹ ni mo ka èyí sí.

Nígbà ìsinmi, ọ̀dọ́bìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó tì mí bá mi mu tíì, ó sì là mí lọ́yẹ̀. Ó ní ní ìgboro wọn, «aynasız», ẹni tí kò ní dígí, ni wọ́n ń pe ọlọ́pàá, «kodes» sì ni ẹ̀wọ̀n. Ó ní láti inú Karagöz, eré òjìji àtijọ́, ni etí àwọn òǹwòran ti mọ́ ọn: àwọn méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀, Hacivat á máa fi èdè ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀, Karagöz, tí eré náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, á ṣì í gbọ́, á sì fi èdè ìta dá a lóhùn.

Ní apá kejì, n kò wo pátákó mọ́. Ọ̀dọ́bìnrin náà ń sọ ọ́ sí mi létí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn rẹ́rìn-ín lásìkò. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ ka ìtàn eré náà kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ sì ra ìjókòó ẹ̀gbẹ́ tí owó rẹ̀ kéré.