Àlàfo Ọjọ́

Ọjọ́bọ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.

Gbogbo ilé ti sùn, ó ku èmi. Mo ní kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí mi ò bá kọ ọ́, èmi àti ẹ̀ la ó jọ jí láàárọ̀ ọ̀la.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ìdájí òní ni mo gbọ́ ọ, nígbà tí mo lọ ṣí ẹ̀rọ omi sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé. Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi, wà ní fàràńdà lókè, ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò mọ̀ pé mo wà nísàlẹ̀. Ó ní, "Ara wa le. Kò séwu. A kàn ń fi Èkìtì dí àlàfo ọjọ́ ni."

Mo ti omi pa. Dúrọ́ọ̀mù náà ò tíì dé ìdajì. Mo kàn dúró síbẹ̀, mo di ẹnu ẹ̀rọ mú, omi tó kù nínú ẹ̀ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀.

A kàn ń fi Èkìtì dí àlàfo ọjọ́.

Kì í ṣe èébú, mo mọ̀. Kò gbé ohùn sókè, kò pòṣé. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Bóyá ohun tó jẹ́ kó dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní inú ń bí i ni, ǹ bá ní inú ló ń bí i, ǹ bá sì gbàgbé ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà yìí, ẹ mọ ọ̀rọ̀ àjọ náà, mi ò ní tún un pìtàn. Ọdún mẹ́ta la fi dá a, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin, ká lè wọ ọkọ̀ òkun lọ gbafẹ́. Barcelona, Marseille, Genoa, Civitavecchia: Ṣadé ló kọ orúkọ àwọn ìlú náà sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì rẹ̀ n'Íbàdàn, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mu omi ló ń kà á. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àtẹ̀jíṣẹ́ dé pé ẹ̀rọ tó ń ti ọkọ̀ náà ti bàjẹ́, wọ́n ti fagi lé ìrìn àjò yẹn, owó ọkọ̀ yóò padà sọ́wọ́ wa. Owó físà ni kò ní padà, 90 yúrò lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lọ nìyẹn. Dúpẹ́ ti ti London dé nítorí ìnáwó bàbá rẹ̀, Ìyá Ìbejì ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, Ṣadé ti fa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọmọọṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Àpótí ti di dídì. Kò sí ibi tí a óò gbé e lọ.

Èmi ni mo pè wọ́n. Mo ní, "Ẹ máa bọ̀ ní Adó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí à bá fi wà lórí omi, ẹ jẹ́ ká fi wà pa pọ̀." Ẹnu mi ló ti jáde. Ẹni tó bá sì pe èèyàn wá sílé rẹ̀, etí rẹ̀ kì í sinmi. Bí ẹnì kan bá yí orí padà lórí ìrọ̀rí, yóò gbọ́. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́ oúnjẹ kù, yóò rí i. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ṣe báyìí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí.

Òní, a lọ sí Ìkògòsì. A gba Ìyìn, a gba Ìgèdè, a gba Àrámọkọ, òjò pàdé wa lọ́nà, a dé ibẹ̀, a wọ omi, a jẹun, a padà. Òjò ni kò jẹ́ ká yà síbi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Àrìnta.

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń tẹ́tí sí Ṣadé. Ó ní, "Àwọn òkè yìí mà ga o." Mo gbọ́ àlàfo. Ó ní kí n bá òun gbé gíláàsì ọkọ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀. Àlàfo. Mo mọ̀ pé kò bójú mu, àgbàlagbà ni mí.

Ìyá Ìbejì ní tiẹ̀ kò ṣíwọ́ ọpẹ́. Ẹ mọ̀ pé ó ti ń bẹ̀rù omi tipẹ́, torí tiwa ló ṣe dá àjọ náà. Ó tún sọ ti ọkọ̀ tó dojú dé lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì lóṣù kìíní ọdún 2012, tí èèyàn 32 bá a lọ. Ó ti ka gbogbo ẹ̀ tán. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yí òfin padà, pé dandan ni kí wọ́n fi ọ̀nà àsálà han èrò kí ọkọ̀ tó ṣí tàbí bó bá ṣe ń ṣí gẹ́lẹ́, kì í ṣe pé kó tó di ọjọ́ kejì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kí a tó wọ ọkọ̀, ṣé ẹ ò rí i pé àánú ni?"

Màmá mi náà ti bi wá ní irú ẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi dé. Wọ́n ní, "Ṣé kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ ló bàjẹ́ ni, àbí ẹ̀yìn tẹ́ ẹ wọ̀ ọ́?" A ní kí a tó wọ̀ ọ́ ni, Mà. Wọ́n ní, "Ó tán. Ẹ wọ ulé, ẹ wá jẹun." Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín "ulé" yẹn títí. Láti ọjọ́ náà ni Ṣadé ti ń sọ ọ́ káàkiri: mo ń lọ sí ulé, ta ló wà nínú ulé, ẹ bá mi bu usu díẹ̀ sí i. Màmá ń tún un ṣe fún un, ó ń tún un sọ. Ta ló ń kọ́ èdè ẹnu ibi tó kàn fi ń dí àlàfo? Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi láti òwúrọ̀ nìyẹn. Àbí ẹ̀rín lásán ni...

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí ní Ìkògòsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ mọ ojú ibi tí omi méjèèjì ti pàdé. Èyí tó gbóná ń bọ̀ láti ọ̀tọ̀, èyí tó tutù ń bọ̀ láti ọ̀tọ̀, wọ́n wá pàdé lábẹ́ igi, wọn ò sì tètè mọ ara wọn. Bó o bá dúró sí ojú ìpàdé náà, ẹsẹ̀ kan á wà nínú ooru tó tó ti ara èèyàn, nǹkan bíi 37, èkejì á wà nínú omi tútù bí omi àmù. Yanrìn ibẹ̀ funfun, ó máa ń wọ inú àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ṣadé ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́, ó ti ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó di ojú. Kò sọ nǹkan kan. Àwọn méjì yòókù ń pariwo, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń bu omi sí ara wọn lára. Òun dúró.

Lẹ́yìn náà ló ṣí báàgì tó gbé kọ́ ọrùn, ó sì mú róṣárì màmá rẹ̀ jáde.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Mo ti gbàgbé! Igi ni wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú níbi tí ọwọ́ màmá ti ń gbà á mú, hóró kan ti já níbẹ̀, wọ́n fi òwú dúdú ta kókó sí ipò rẹ̀. Civitavecchia ni wọ́n ti ń bọ́ọ́lẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí Róòmù. Ṣadé fẹ́ gbé róṣárì náà dé ọ̀dọ̀ Pétérù Mímọ́. Torí ẹ̀ ló ṣe dá àjọ náà parí. Èmi ń ro òkun, Dúpẹ́ ń ro oúnjẹ inú ọkọ̀, òun ń ro ìyá rẹ̀, ọdún tó kọjá náà ni wọ́n kúkú sin màmá, gbogbo wa la sì wà níbẹ̀.

Ó di róṣárì náà mú sókè omi. Mo rò pé yóò tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́. Kò tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́. Ó wò ó díẹ̀, ó dá a padà sínú báàgì, ó fa síìpù pa, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ síìpù náà wò bóyá ó ti pa dáadáa.

Àlàfo wo gan-an ló ń sọ fún ọkọ rẹ̀? Mi ò mọ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ ti róṣárì yẹn ni, Èkìtì ò lè dí i, Ìbàdàn ò lè dí i, bí mo gún iyán ogún odó, kò lè dí i.

Ṣùgbọ́n ó ṣì dùn mí. Mo kọ èyí tó wà lókè yìí tán, mo dúró díẹ̀, mo yẹ ara mi wò, ó ṣì wà níbẹ̀. "A kàn ń fi." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "kàn". Bó bá ní "a ń fi Èkìtì dí àlàfo", mo rò pé ǹ bá gbà á. Ta ni kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lánàá, oorun ló gbé mi lọ.

Nínú ọkọ̀ òkun yẹn, alẹ́ kan máa ń wà tí gbogbo èrò ń múra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rán gáùn fún un. Dúpẹ́ ní gáùn òun kò ní bá òun padà sí London láìwọ̀. La bá wọ̀ ọ́. Ní pálọ̀ mi! Gáùn tó ń gbálẹ̀, yẹtí, bàtà gíga, a jókòó ti iyán àti ẹ̀fọ́ rírò àti ẹran ìgbẹ́, a ta táwẹ́ẹ̀lì sórí itan kí ọbẹ̀ má bàa kán sí wa láṣọ. Iná lọ, a tan lámpù. Màmá jáde, wọ́n wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n padà sí yàrá. A rò pé a ti dí wọn lóorun ni. Nígbà tí wọ́n máa jáde padà, aṣọ òkè ni wọ́n wọ̀, ìró àti bùbá àti gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́rùn, wọ́n wá jókòó láàárín wa, wọ́n ní kí a bu tàwọn wá.

Ṣadé rẹ́rìn-ín débi tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ń nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, òróró ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ èyí tó máa fi nu ojú nínú ọwọ́ méjèèjì. Màmá ló fi etí ìró wọn nù ún fún un. Ẹ̀rín yẹn kò jọ ẹ̀rín ẹni tó ń ka ọjọ́. Mo wà níbẹ̀, mo rí i.

Ohun kan tún wà, mo fẹ́ sọ ọ́ kí n tó sùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la ti di ọ̀rẹ́, láti ìgbà tí a ti jẹ́ àgùnbánirọ̀. Mo ti sùn nílé Ṣadé n'Íbàdàn, mi ò lè ka iye ìgbà. Mo ti sùn nílé Ìyá Ìbejì l'Ékòó. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò pè wọ́n wá sí Adó rí, àfi tí ìnáwó bá wà, wọ́n á dé láàárọ̀, wọ́n á padà nírọ̀lẹ́. Dúpẹ́ bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí a kì í wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Mo rántí ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ wá wò ní Èkìtì?"

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo dé Ìkògòsì gbẹ̀yìn kó tó di òní, àbíkẹ́yìn mi ló wà lẹ́yìn mi. Ó ti wà ní SS2 báyìí. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn ò sì lọ mọ́ ni mo tó rántí pé mo ní ibi tí mo lè mú ọ̀rẹ́ mi lọ. Bí kò bá bàjẹ́ ńkọ́? À bá wà lórí òkun báyìí, inú mi ìbá sì dùn, màá sì máa...

Mi ò mọ bí màá ṣe parí gbólóhùn yẹn.

Mi ò ní bi Ṣadé. Láàárọ̀ mo fẹ́ bi í, lọ́sàn-án mo fẹ́ bi í, nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀ ó sùn, orí rẹ̀ já lé mi léjìká, ó wúwo, mo dẹ ara sílẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣadé kì í ka ibi yìí. Dúpẹ́ ló ń kà á. Dúpẹ́, jọ̀ọ́, má sọ fún un.

Lọ́jọ́ Àìkú, màá mú un lọ sí Máàsì ní Kàtídírà Patrick Mímọ́ níbí ní Adó. Mi ò ní dárúkọ róṣárì. Bó bá mú un dání, ó mú un dání.

Lọ́la, bí òjò bá dá, Ìpólé-Ìlórò, Àrìnta. Àpáta ibẹ̀ ń yọ̀ lásìkò yìí, Ṣadé ò sì ní bàtà kankan yàtọ̀ sí sálúbàtà pẹlẹbẹ tó rà fún orí ọkọ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ wa bára mu láti ọjọ́ àgọ́ àgùnbánirọ̀, mo ti wọ bàtà ológun rẹ̀ rí nígbà tí tèmi já. Mo ti fọ kánfáàsì mi tó nípọn nísàlẹ̀, mo ti yọ ẹrẹ̀ ara ẹ̀, mo ti ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò eléèédú tí Màmá fi sun àgbàdo lálẹ́ yìí. Ẹ̀yinná ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀. Bóyá yóò gbẹ kílẹ̀ tó mọ́.