Owó Wákàtí Ni Kí Ẹ Bá Ọlọ́kọ̀ Dá: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Ẹyẹ Yíyà Lórí Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé kámẹ́rà lọ sórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì ni mo háyà. Mo rò pé bí a bá ṣe yára tó ni ẹyẹ tí a máa rí á ṣe pọ̀ tó. Ariwo ẹ́ńjìnnì ń dé, ẹyẹ ń fò. Igba fọ́tò ó lé ni mo yà, ẹ̀yìn ẹyẹ tó ń sá lọ ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù.

Bàbá apẹja kan tí wọ́n júwe fún mi nítòsí ọjà Olúwo ló là mí lójú. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń tukọ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la ti wà lórí omi. Nígbà tí a dé ibi tí òṣíbàtà bò, wọ́n gbé àjẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ iwájú sí i."

Wọ́n ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ń bọ̀ wá bá ọ."

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ẹyẹ omi kan tí wọ́n ń pè ní African jacana tó yọ, tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ni ewé kì í fi í rì lábẹ́ rẹ̀. Akọ rẹ̀ ló ń sàba lé ẹyin, òun náà ló ń tọ́ ọmọ. Inú mi dùn débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Nítorí náà, owó wákàtí ni kí ẹ bá ọlọ́kọ̀ dá, kì í ṣe owó ibi tí ẹ máa dé. Ẹni tí wọ́n san owó ibi fún, kíá ló fẹ́ débẹ̀ kó sì padà. Ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, bí ẹ tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ní ti kámẹ́rà: agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun, ẹfun yẹn gan-an ló sì ń ba fọ́tò jẹ́. Tí oòrùn bá ti mú, ìyẹ́ rẹ̀ á kàn funfun báláú, ẹ ò ní rí ìlà kankan lára rẹ̀. Mo máa ń dín ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà (exposure compensation) kù sí −1, mo sì máa ń ṣe tán kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Pied kingfisher, ẹyẹ dúdú òun funfun tó máa ń lu ìyẹ́ lójú kan lókè omi kó tó já ṣòòròṣò lé ẹja, ìyára kámẹ́rà (shutter speed) 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá ni mo fi ń mú un. Àsìkò ọyẹ́ ló dùn jù, torí àwọn àlejò tó sá òtútù Yúróòpù wà níbí nígbà náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ òkò lu ẹyẹ kó lè fò fún fọ́tò. Lọ́jọ́ kan, a rí ìtẹ́ lékeléke lórí igi kan tó rọ̀ sómi. Mo ti gbé kámẹ́rà sójú nígbà tí Bàbá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní tí ìyá bá dìde, oòrùn á pa ọmọ, tàbí kí àwòdì gbé e. A rọra yí ọkọ̀ padà, n kò ya ẹyọ kan.