Kòtò inú ìlà

Mo gbé alùpùpù mi lọ sórí dyno, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀, lónìí, níbí ní Manchester. Wọ́n fi okùn dè é mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn wà lórí ìlù irin ńlá kan, mẹkáníìkì wá yí ọwọ́ iná dé òpin. Ariwo náà! Àyà mi já.

Nígbà tó na bébà sí mi, 65 ni mo kọ́kọ́ rí. Họ́ọ̀sìpáwà 72 ló sì wà nínú ìwé tí wọ́n fi tà á! Ó ní ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti wọn ti inú ìwé. Gíà àti ṣéènì á ti jẹ nínú ẹ̀ kó tó dé táyà.

Ìlà méjì ló wà níbẹ̀, họ́ọ̀sìpáwà àti torque (ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan). Wọ́n pàdé níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí nígbà 5,252 ní ìṣẹ́jú kan. Mo rò pé ó ṣèèṣì ni, àṣé ìṣirò ni: ẹ fi torque (ní pound-feet) sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan di púpọ̀, kí ẹ fi 5,252 pín in, họ́ọ̀sìpáwà ló máa jáde. Torí náà, ní 5,252, iye méjèèjì á dọ́gba.

Àmọ́ kòtò kékeré kan wà lára ìlà torque, ní nǹkan bíi 4,000. Mi ò lè gbójú kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lalùpùpù mi ti máa ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé tí mo bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, látọjọ́ tí mo ti pààrọ̀ sàlẹ́ńsà. Ìyàwó mi ṣáà ti sọ pé ariwo lásán ni mo fowó rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun alùpùpù, ṣé ẹ ti rí irú kòtò yìí lára tiyín?