Ọjọ́ kẹjọ Àlàájì Lọ́yà

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́.

Ibi àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí Àlàájì Lọ́yà kú ni mo ti ń bọ̀. Aṣọ mi ṣì ń rùn èéfín, ẹsẹ̀ ń ro mí, ìrẹsì tí wọ́n dì fún mi wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì, n kò tíì tú u. Gbogbo ìgbà tí ààfáà fi ń ṣe wáàsí, àtẹ̀gùn ni mò ń rò. Mọ́kàndínlógún ni àtẹ̀gùn láti iwájú ṣọ́ọ̀bù mi dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Àlàájì, mo sì mọ ìró bàtà wọn lórí rẹ̀: wọ́n á yára gun méje àkọ́kọ́, wọ́n á dúró mí, wọ́n á wá máa fa ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó.

Ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ní Station Road ni mo ti ń tẹ ìwé fún aráàlú, níbí ní Òṣogbo, ọdún kẹtàlá rèé. Àlàájì ló wà lókè. Yàrá kan, tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn oníbàárà, kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé. Wọn kò gba akọ̀wé. Èmi ni akọ̀wé. "Ìyá Kọ̀ǹpútà" ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, nígbà tí n kò tilẹ̀ tíì bí ọmọ kankan.

Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ dáadáa nípa wọn lónìí. Wọ́n ní Àlàájì lawọ́. Òótọ́ ni. Wọ́n ní Àlàájì kì í gbowó lọ́wọ́ tálákà. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dìde. Àlàájì ń gbowó o! Wọ́n kàn kì í gbà ju ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ni. "Èló lo mú wá?" ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́. Wọ́n á kà á lójú ẹ, wọ́n á yọ owó ọkọ̀ tó máa gbé ọ délé sọ́tọ̀, wọ́n á wá fi ìyókù sápò. Ọkùnrin kan ní Alékúwodò jẹ wọ́n lówó fún ọdún mẹ́ta. Ibikíbi tí wọ́n bá ti pàdé, ì báà jẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ, iye owó náà ni Àlàájì fi ń kí i.

Ẹlòmíì rántí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lódìkejì wa. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin látìmọ́lé ní tẹ́ṣàn kan kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè wá sọ. Àlàájì mú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ẹ̀dà kékeré tí èèpo rẹ̀ ti ya, wọ́n fi ìka há abala 35, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti fi gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́. Kìlómítà 40 kẹ̀? Láti tẹ́ṣàn yẹn dé kóòtù, ẹni tó ru ẹ̀kọ gbígbóná lè rìn ín kí ẹ̀kọ tó tutù. Ọmọ náà sun ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àlàájì sì kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀ pé kó má ṣe san kọ́bọ̀, pé ọ̀fẹ́ ni bélì.

Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń retí kí ẹnì kan sọ, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Bóyá nítorí pé èmi tí mo ń tẹ ìwé nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Gbólóhùn kan wà tó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé àdéhùn tí ẹni tí kò mọ̀wé bá fẹ́ tẹ̀ka sí. Jurat ni àwọn lọ́yà ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ti ka ìwé yìí sétí ẹni náà, a ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un, ó sì hàn pé ó yé e yékéyéké kó tó tẹ̀ka. Kí wọ́n má baà rẹ́ ẹni tí kò mọ̀wé jẹ ni òfin ṣe fi síbẹ̀. Mo ti tọ́jú gbólóhùn náà sínú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnì méjì péré, ó ti bọ́ sórí ìwé. Ká má purọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tó jẹ́ pé iwájú mi níbẹ̀ ni wọ́n ti fa ọwọ́ màmá wọn, tì í bọ páàdì ìǹkì, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, fi ọ̀rá nu àtàǹpàkò náà, ó parí. Ta ló kà á? Ta ló túmọ̀ ẹ̀?

Àlàájì máa ń kà á. Gbogbo rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ì báà jẹ́ ojú ewé mẹ́sàn-án. Wọn kì í sì ka Yorùbá orí rédíò. Wọ́n á ní, "Ìyá, ibi tí a dé yìí, ohun tó ń sọ ni pé..."

Lọ́jọ́ kan, màmá kan wá láti ọ̀nà Ìdó-Ọ̀ṣun pẹ̀lú ọmọ àbúrò ọkọ wọn. Ibòmíì ni ọmọkùnrin náà ti ṣe ìwé rẹ̀ wá, ó kàn fẹ́ kí lọ́yà lu òǹtẹ̀ sí i. Èmi ni mo gbé páàdì ìǹkì gòkè, mo dì í mú, mo ń dúró. Àlàájì ń kà. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ìyá, ìwé yìí sọ pé ẹ ti ta pulọ́ọ̀tì méjì fún ọmọ yìí títí láé, pé owó yín sì ti pé lọ́wọ́."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ta kẹ̀? Àgbàdo ló lóun fẹ́ gbìn."

Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí wo bàtà ara rẹ̀. Àlàájì ò pariwo. Wọ́n yọ awò, wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n fi í sójú padà. "Ọmọ mi, ṣé àgbàdo títí láé lo fẹ́ gbìn ni?"

Títí dòní, bí mo bá rí àgbàdo sísun, ẹ̀rín á pa mí.

Lẹ́yìn náà ni Àlàájì bi màmá náà pé ṣé olórí ẹbí mọ̀ sí i. Wọ́n ní bí ọwọ́ olórí ẹbí kò bá sí nínú títa ilẹ̀ ẹbí, a kò ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi tó àwọn àgbà ilé yòókù létí, àwọn àgbà náà lè ní kí kóòtù fagi lé e. Wọ́n wá kọ ojú ewé kan péré: kí ọmọ máa dáko, ọdún dé ọdún, ilẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Àwọn méjèèjì ló sanwó. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tán, Àlàájì ní, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ṣé o mọ̀ pé ẹjọ́ ogún ọdún ni mo fi ẹnu ara mi jẹ run yẹn?"

Ọjọ́ tí wọ́n kú náà la sin wọ́n, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Àwọn lọ́yà ṣì máa jókòó ní kóòtù láti fi dágbére fún wọn, tàwọn ti gáùn dúdú àti wíìgì, wọ́n á sọ ọ́ lédè òyìnbó. Mo rí wíìgì Àlàájì lónìí, nínú páànù dúdú lórí àpótí nínú yàrá ìyàwó wọn. Ó ti pọ́n bí irun àgbàdo tó gbó.

Àkọ́bí wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun bá orúkọ mi nínú ìwé gbèsè bàbá òun, owó ìwé títẹ̀ oṣù tó kọjá. Mo gbà á. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí wò mí bákan. Wọn ò mọ Àlàájì.

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kí n tó wálé. Ìwé kan ṣì wà lórí tábìlì tí Àlàájì fi bírò pupa tún ṣe, tí n kò tíì tẹ̀ parí. Ibi tí mo ti ń wò ó ni fóònù dún: màmá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó ni ìwé náà. Wọ́n kí mi kú aráfẹ́rakù. Wọ́n sọkún díẹ̀. Wọ́n wá bèèrè pé ìwé àwọn ńkọ́, mo ní ó wà lọ́wọ́ mi.

"Ta ló wá máa kà á fún mi báyìí?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ìgbà tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù tán ni mo tó rántí pé n kò dáhùn ohun tí wọ́n bi mí.