Lórí Òkè Spion Kop, níbi tí àwọn Boer ti lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà

Ẹni tó bá gba ọ̀nà N3 láti Johannesburg, tó sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn òkè Drakensberg, yóò dé ìlú Ladysmith ní KwaZulu-Natal kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlú yìí ni àwọn Boer, ìyẹn àwọn aláwọ̀ funfun ìran Dutch ní South Africa, dó tì fún ọjọ́ 118 nígbà tí wọ́n ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun, láti oṣù kọkànlá ọdún 1899 títí di ìparí oṣù kejì ọdún 1900, tí Ọ̀gágun George White àti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àhámọ́, tí wọ́n sì ń pa ẹṣin ara wọn jẹ nígbà tí oúnjẹ tán. Ṣùgbọ́n Spion Kop, òkè kan tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, ni mo torí rẹ̀ lọ, nítorí ó wù mí láti fi ojú ara mi rí ibi tí àwọn ọmọ ogun ti gba òkè tán, tí wọ́n sì tún fi í sílẹ̀ lóru.

Wúrà tí wọ́n rí ní Witwatersrand, ní ilẹ̀ àwọn Boer, lọ́dún 1886 ló dá kún ìjà náà jù lọ. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1899, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fìdí rẹmi ní Stormberg, ní Magersfontein àti ní Colenso. Ní Colenso, Ọ̀gágun Redvers Buller fẹ́ kọjá odò Tugela láti lọ gba Ladysmith sílẹ̀, láìmọ̀ pé Louis Botha, ọ̀gágun Boer ẹni ọdún 37, ti fi àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pamọ́ sínú kòtò ní òdìkejì odò. Ìbọn ńlá mẹ́wàá bọ́ sọ́wọ́ àwọn Boer lọ́jọ́ náà, ọmọkùnrin Ọ̀gágun Roberts sì gba ọgbẹ́ tó pa á níbi tó ti ń gbìyànjú láti gba àwọn ìbọn ọ̀hún padà. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi bàbá rẹ̀ ṣe olórí lé Buller lórí.

Orí Spion Kop tẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ gan-an níbẹ̀. Kòtò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́ ni wọ́n sin òkú wọn sí, òkúta tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun ni wọ́n sì tò yí i ká, ó gùn lọ títí bí ìlà kan tó wọ́. Mo kúrò lẹ́bàá ibojì náà díẹ̀, mo fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ ilẹ̀, òkúta ló dá mi lóhùn. Ìgbà náà ni ó yé mi ìdí tí kòtò wọn kò fi jìn ju ibi orúnkún lọ: abẹ́ erùpẹ̀ díẹ̀ tó wà lókè, àpáta ni.

Òru ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1900 ni Ọ̀gágun Woodgate kó nǹkan bí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì 1,700 gun òkè náà, láti ṣí ọ̀nà Ladysmith. Wọ́n lé àwọn Boer díẹ̀ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ kòtò nínú kùrukùru tó bo ojú gbogbo, wọ́n rò pé etí òkè gan-an ni àwọn wà. Nígbà tí kùrukùru ká lówùúrọ̀, wọ́n rí i pé àárín orí òkè ni àwọn wà, àti pé àwọn Boer ti wà lórí Aloe Knoll lápá ọ̀tún wọn. Ọ̀gbẹ́ni tó mú wa kiri, ọmọ Zulu, na ọ̀pá sí Aloe Knoll yìí, ó sì sún mọ́ wa débi pé ẹni tó bá dúró níbẹ̀ lè rí gbogbo gígùn kòtò náà láti orí dé ìdí. Ìbọn ba Woodgate lórí láàárọ̀ yẹn, ọgbẹ́ náà ló sì pa á nígbẹ̀yìn.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni ọ̀rọ̀ àṣẹ. Ọ̀gágun Warren, tí Buller fi ìjà náà lé lọ́wọ́, wà nísàlẹ̀ òkè, Buller wà lókèèrè, ó ń fi awò wo ogun. Buller ní kí wọ́n fi Thorneycroft, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ọmọ ogun tó wà lórí òkè, ṣe olórí níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún Ọ̀gágun Coke tó gòkè wá lẹ́yìn náà. Ọkùnrin akọni ni Thorneycroft, òun ló dá àwọn tó ti nawọ́ sókè láti túúbá padà sẹ́nu ìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí alẹ́ lẹ́, tí omi tán, tí kò sì sí ìròyìn tó dájú láti ìsàlẹ̀, ó kó àwọn tó ṣẹ́kù sọ̀ kalẹ̀. Winston Churchill pàdé rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí Warren rán pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lóru yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ Boer ti ń di ẹrù wọn láti lọ. Botha ló ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn Boer bá òkè náà lófìfo.

Mohandas Gandhi náà wà lójú ogun yìí, nínú ẹgbẹ́ àwọn ará Íńdíà tó tó nǹkan bí 1,100, tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Wọ́n wa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n ṣe amí fún ìhà méjèèjì. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun oko, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn sí àgọ́, ó ju 26,000 obìnrin àti ọmọ Boer tó kú níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó kú nínú àgọ́ tiwọn ju 14,000 lọ. Mo gbà pé ó yẹ kí a máa dárúkọ wọn níbikíbi tí a bá ti ń sọ ìtàn àwọn ọ̀gágun.

Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1902 fi ọ̀rọ̀ ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú sí ẹ̀yìn ọ̀la. Botha, tí mo gbà pé ó mọ ogun jà ju gbogbo wọn lọ, di olórí ìjọba lọ́dún 1910, ìjọba rẹ̀ ló sì ṣe òfin ilẹ̀ ọdún 1913, tó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Sol Plaatje, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú tó ṣe ògbufọ̀ ní Mafeking nígbà tí àwọn Boer dó ti ìlú yẹn, wà lára àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London lọ́dún 1914 láti bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n fagi lé òfin náà. Wọn kò rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà.