Àwọn Ẹbí Ọkọ Mi ní Yankari

Ọkọ mi ló ní a ò gbọdọ̀ dé Bauchi ká má fojú kan erin. Ọmọ ẹbí wọn kan tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ la lọ wò níbẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni. Ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù láti lọ sí Yankari, igbó tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko, torí omi inú igbó á ti gbẹ, odò Gaji nìkan ni ẹranko á máa wá mu. Màmá, ìyá ọkọ mi, ní àwọn náà ń bọ̀. Ta ló máa ní kí wọ́n má bọ̀?

Igbó ọ̀hún lé ní 100 kìlómítà sí ìgboro Bauchi, ó sì fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà onígun mẹ́rin. Láti 1962 ni wọ́n ti ń gba àlejò níbẹ̀. Ọkọ mi dé fìlà ọdẹ, ó fi awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán kọ́ ọrùn, ó wá ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sábẹ́ igi ìrókò. Ìdí-Apẹ́ ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí o.

Lọ́rì tí wọ́n to àga sí lẹ́yìn ni wọ́n fi ń gbé èèyàn wọgbó. Láàárọ̀ yẹn a rí àgbọ̀nrín, a rí ìmàdò ìyá àtọmọ tí wọ́n ń sáré, tí gbogbo wọn na ìrù sókè gan-an. Erin ò yọjú. Lójijì ọkọ mi dì mí lápá mú: “Kìnnìún!” Gbogbo lọ́rì dìde. Ẹ̀ṣọ́ tó ń mú wa kiri wò ó, ó tún un wò, ó ní, “Òkìtì ọ̀gán ni, sà.”

Eṣinṣin tsetse ni kò fi ara pamọ́ fún wa. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó gba aró dáadáa ni Màmá wọ̀, ara wọn ni gbogbo eṣinṣin ọ̀hún sì kó lé. Ẹ̀ṣọ́ ṣàlàyé pé aṣọ búlúù àti dúdú máa ń fà wọ́n, pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń ṣe pàkúté wọn. Màmá wo aṣọ ara wọn, wọ́n ní, “Wọ́n mọ ojúlówó.”

Nígbà tí a padà sí àgọ́, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsun omi Wikki. Omi yẹn mọ́ gaara, ó sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìbáà jẹ́ òru, ìbáà jẹ́ ọ̀sán. Màmá ní àwọn ò wọ omi tí àwọn ò mọ ẹni tó ń dáná sábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, orúnkún. Ká tó ṣẹ́jú, orí wọn nìkan là ń rí, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pe àwọn.

Ẹ̀ṣọ́ ti kìlọ̀ fún wa láàárọ̀ pé ká ti gíláàsì ọkọ̀ pa, torí ìnàkí. Ọkọ mi fi díẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Nígbà tí a fi máa padà dé, ìnàkí ti gba ọkọ̀ wa. Èyí tó tóbi jù nínú wọn jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé kúlà mi sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ló wà nínú ẹ̀, ewé rẹ̀, láti Ìbàdàn ni mo ti gbé e. Ìnàkí yìí ò ya ewé. Ó ń tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yọ ẹyin, ó jẹ ẹ́, ó yọ ẹja, ó jẹ ẹ́, ó wá ju ẹ̀wà sẹ́yìn. Ó yọ ẹ̀mí méjèèje!

Ọkọ mi mú òkúta. Màmá ké: “Táyé! Ẹbí ẹ lo fẹ́ sọ lókùúta?”

Ìbejì ni ọkọ mi, ẹdun ni wọ́n sì ń pe ìbejì. Láti ọjọ́ tí Màmá ti bí òun àti Kẹ́hìndé, kò sẹ́ni tó tó kó lé ọ̀bọ níṣojú wọn.

“Màmá, ìnàkí lèyí. Ẹdun kọ́.”

“Ṣé gbogbo ẹbí tìẹ ló jọra?”

Ni wọ́n bá kúnlẹ̀ nínú aṣọ tútù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: “Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí…” Ìnàkí dákẹ́ jíjẹ, ó wò wọ́n. Ó wá la ẹnu, a rí eyín. Màmá dìde, wọ́n bọ́ sẹ́yìn mi, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ń ki oríkì ọ̀hún lọ.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun,” ni Màmá wí nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀. “Ẹ̀wà la fi ń ṣàsè ìbejì.”

“Ẹ̀wà yẹn gan-an ni wọ́n ń dà nù,” ni ọkọ mi fèsì.

Màmá wo ẹ̀wà tó wà nílẹ̀. Wọ́n wo èmi náà.

Nírọ̀lẹ́ la rí erin létí odò Gaji, ọmọ wà lábẹ́ ìyá. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, a rí wọn ní àríyó. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mọ́ínmọ́ín là ń rò nínú lọ́rì.

Lálẹ́, Kẹ́hìndé pè láti Ìbàdàn, ó ní ṣé a rí erin.

“Erin kẹ̀?” ni Màmá wí. “Àwọn ẹbí yín la rí. Wọ́n kí ẹ o. Wọ́n ní mọ́ínmọ́ín ìyàwó Táyé dáa, iyọ̀ rẹ̀ ni ò tó.”