Ẹ̀yin tí wọ́n bá jù síbi podcast láíbìrì ní Àkúrẹ́, ẹ gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu mi

Ẹ̀yin àbúrò tó ń bọ̀ wá ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́), àti ẹ̀yin kọ́pà náà, ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù kí n tó máa rojọ́: ìwé àwọn òǹkọ̀wé ìlú wa là ń sọ̀rọ̀ lé lórí, àmọ́ iṣẹ́ wa kọ́ ni ká máa gbé òǹkọ̀wé gẹ̀gẹ̀, àwọn ará rédíò ń ṣe ìyẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ. Tiwa ni pé kí ẹni tó gbọ́ wa nínú táksì láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàká sọ pé ìwé yìí, màá kà á, kó sì mọ ibi tó ti máa rí i. Bó bá dé láíbìrì tí wọ́n ní "kò sí o," ó parí nìyẹn, kò ní gbọ́ wa mọ́, kò sì jẹ̀bi.

Torí náà kí ẹ tó dárúkọ ìwé kankan, ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn débi ṣẹ́ẹ́fù. Ẹ má gba káàdì gbọ́, ẹ má gba kọ̀ǹpútà gbọ́. Kọ̀ǹpútà á ní ẹ̀dà mẹ́ta ló wà, ẹ ó débẹ̀ ẹ ó bá ẹyọ kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, méjì tó kù ti bá ẹni tó yá wọn lọ, ó di gbére. Ẹ fọwọ́ kàn án kó dá yín lójú. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kí ẹ sì pè é fún olùgbọ́, níbi tí wọ́n bá ti ń lo Dewey, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí láíbìrì fi ń to ìwé, 896.333 ni lítíréṣọ̀ Yorùbá máa ń wà, ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan ò ní máa bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ wá lọ sọ fún àwọn tó wà ní káńtà pé ìwé báyìí-báyìí là ń sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí, torí ìtìjú ńlá ni kí èèyàn wọlé kó ní "ìwé tí ẹ sọ lórí podcast dà?" kí ẹni tó wà ní káńtà ní "podcast wo nìyẹn?"

Àwọn ìwé tí òǹkọ̀wé fowó ara rẹ̀ tẹ̀, wọ́n sì pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ wa níbí, ti tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ti pásítọ̀, ti olóyè, ti ọmọ yunifásítì tó ń kọ ewì, ẹ yí ẹ̀yìn wọn wò. ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, tí National Library bá fún ìwé ní Nàìjíríà, 978-978 ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, kò túmọ̀ sí pé ìwé ò dáa, àmọ́ kò ní rọrùn fún bùkúṣọ́ọ̀pù láti wá a rí, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí òǹkọ̀wé kó ẹ̀dà méjì wá fún láíbìrì ká tó tẹ bọ́tìnì rékọ́ọ̀dù. Wọ́n máa ń kó o wá. Inú wọn tiẹ̀ máa ń dùn.

Ìjà kan wà tí ẹ máa bá nílẹ̀: ta ni ọmọ ìlú? Ẹ má bá wọn jà á. Gbogbo kọ́pà tó bá dé ló máa ń fẹ́ fi Fágúnwà bẹ̀rẹ̀, mo gbà, ọmọ Òkè-Igbó ni, ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde láti 1938, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn ún kà sókè ju ti ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ ta ni ò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ níbí? Ẹ fi í fa èèyàn wọlé ni, kí ẹ wá fi ẹlòmíì hàn wọ́n. Kọ́lé Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ńkọ́, tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ níbí ní 1943? Ìwé rẹ̀ Just Before Dawn tó jáde ní 1988 da ìtàn Nàìjíríà pọ̀ mọ́ àròsọ, síbẹ̀ ní South Africa, ìpolówó ilé iṣẹ́ fóònù Vodacom ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n (ayé yìí sha). Chigozie Obioma náà ńkọ́? Ọmọ Igbo ni, Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1986, The Fishermen tó kọ wà lára ìwé mẹ́fà tó dé ìpele ìkẹyìn nínú ìdíje Booker, ẹ̀bùn ńlá fún ìwé ìtàn àròsọ, ní 2015, odò Àlà wa yìí, tó pè ní Omi-Ala, ni àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin yẹn ti lọ ń pẹja. Ẹnì kan á ní kì í ṣe ọmọ wa. Ẹni tó mọ òórùn odò yẹn tó bẹ́ẹ̀, ọmọ ta ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́? Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ àti Adó pàápàá, ṣebí ìpínlẹ̀ kan náà la jọ wà títí wọ́n fi yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní 1996. Ẹ gbà wọ́n wọlé jàre.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Màmá kan wọkọ̀ wá láti Oǹdó, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n kọ ìwé kékeré kan nípa ọmọbìnrin tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú oko kòkó. Àbúrò tó mú máíìkì ní "Màmá, ẹ sọ díẹ̀ fún wa nípa ara yín." Ó tán! Màmá kí alága (a ò ní alága o), wọ́n kí àwọn ẹni iyì tó wà níkàlẹ̀, wọ́n ka gbogbo ilé ìwé tí wọ́n ti ṣe tísà, láti orí èyí tó wà lábúlé dórí èyí tí wọ́n ti di prínsípà. Èèyàn ò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, a jókòó, a ń mi orí. Ìgbà tí wọ́n dúró mu omi ni mo ṣí ìwé wọn síbi tí ọmọ yẹn ti ń bá bàbá rẹ̀ ka owó kòkó tó sì fi sílè kan pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, kí ló dé tó jẹ́ abẹ́ ahọ́n?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àpò ni bàbá máa kọ́kọ́ tú, gèlè ni ìyá máa tú, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣe ni wọ́n máa ní ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Láti ibẹ̀ wọ́n gbàgbé máíìkì, wọ́n bọ́ sínú èdè Oǹdó tààrà, a ò sì gé e kúrò. Àwọn èèyàn tó wá bèèrè ìwé yẹn ní káńtà, "ìwé abẹ́ ahọ́n" ni wọ́n ń pè é, orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé ò kàn wọ́n.

Torí náà ẹ ka ìwé tán, kì í ṣe ẹ̀yìn ìwé nìkan o, kí ẹ sàmì sí ojú ìwé bíi mẹ́ta tí ẹ máa ti bi wọ́n léèrè. Ẹ parí ìkíni kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ béèrè ilé, ẹ béèrè ọ̀nà, ẹ fún wọn lómi, torí bí ẹ bá fo ìyẹn, inú rékọ́ọ̀dù ni wọ́n ti máa wá kí yín padà. Bí ìwé bá jẹ́ Yorùbá tí kò lámì ohùn, ẹ jẹ́ kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ka ojú ìwé yẹn, tàbí kí ẹ kà á sétí rẹ̀ ṣáájú.

Ti ohùn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má wá síbi ńlá tó ń dún padà, yàrá kékeré tí ìwé kún inú rẹ̀ ló dáa jù, ìwé máa ń gbé ariwo mì. Ẹ pa fáànù, ẹ fi fóònù sí airplane mode, kí máíìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, kó má dojú kọ ọ́ gan-an. Òjò tó bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ dúró kó dá, kò sí ohun tí ẹ lè fi yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá sì ń gbé e jáde, mono (ohùn ọ̀nà kan ṣoṣo) ní 64 kbps, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ohùn ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fún ọ̀rọ̀ ẹnu: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò ní ju nǹkan bíi 14MB lọ, bí ẹ bá fi í sí 128 á di ìlọ́po méjì, dátà olùgbọ́ sì lẹ̀ ń jẹ yẹn. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ rékọ́ọ̀dù gan-an, WAV rẹ̀ (fáìlì ńlá tí ẹ ò tíì fún kéré), ẹ má pa á rẹ́ rárá, ẹ kọ orúkọ àti déètì sí i.

Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Ẹ lè ka ìpínrọ̀ kan tàbí méjì kí ẹ sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kí ẹ wá máa ka orí kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìwé á fi tán, ìyẹn gba àṣẹ. Wọn kì í sì í sọ pé òkú ò ní mọ̀: òfin Copyright ti 2022 fún òǹkọ̀wé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú, Fágúnwà kú ní 1963, ẹ ṣírò rẹ̀, ó di ìparí 2033. Èyí tó bá wà láàyè, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí bébà kan, ojú ewé kan tó.

Ìwé tí ò dáa ni wàhálà tó kù, ó sì máa dé, ẹni tó sì máa kọ ọ́ máa jẹ́ olóyè. Ẹ má yìn ín. Olùgbọ́ tó bá gbà yín gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tó lọ yá ìwé tí ò dáa, ó ti tán. Ẹ wá ojú ìwé kan tó wúlò níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà, bóyá ibi tó ti sọ bí wọ́n ṣe ń dá ọjà sílẹ̀ tàbí orúkọ àdúgbò tó ti parẹ́, kí ẹ sọ pé ẹni tó bá ń wá ìyẹn, ó wà níbẹ̀. Bí olóyè bá wá ní òun ò gbọ́ kí ẹ pe ìwé òun ní ìwé ńlá, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì júwe ọ́fíìsì ọ̀gá fún wọn.